Àtúnṣe òru kan ní yàrá àwọn adarí bàálù: ta ni wọ́n sọ fún, kí sì ni wọ́n sọ?

Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2002, bàálù méjì kọlu ara wọn lójú ọ̀run lẹ́bàá adágún Bodensee ní gúúsù Jámánì, ní nǹkan bíi 35,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè. Ọ̀kan jẹ́ Tupolev Tu-154M tó gbéra láti Moscow, tó ń lọ sí Barcelona. Èèyàn 69 ló wà nínú rẹ̀, ọmọ iléèwé sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èkejì jẹ́ Boeing 757 akẹ́rù tó ń ti Bergamo ní Ítálì lọ sí Brussels, awakọ̀ méjì péré ló wà nínú ìyẹn. Gbogbo àwọn 71 náà ló kú.

Ìjàǹbá yìí ti di ohun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ bàálù, torí pé ẹ̀rọ inú bàálù sọ ọ̀tọ̀, adarí tó wà nílẹ̀ sọ ọ̀tọ̀. Apá yẹn ṣe pàtàkì, màá sì fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ títún rédà, rédíò àti fóònù ṣe ni mo ní lọ́kàn jù, nítorí pé kí bàálù méjèèjì tó pàdé, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti wà nínú yàrá ìdarí, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló jẹ mí lógún: ta ni wọ́n sọ fún, kí ni wọ́n sọ, kí sì ni wọn kò sọ. Aago ibẹ̀ ni gbogbo aago tí mo bá kọ sílẹ̀.

Bí yàrá náà ṣe wà tẹ́lẹ̀

Apá òfúrufú Jámánì tó wà lókè adágún yẹn, ibùdó ìdarí tó wà ní Zurich, ní Swítsáláǹdì, ló ń bójú tó o. Adarí méjì ló máa ń wà níbẹ̀ lóru. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àṣà kan ti wà láàárín wọn: bí bàálù bá ti dínkù, ọ̀kan nínú wọn á lọ sinmi nínú yàrá ìsinmi, ẹnì kejì á sì máa dá iṣẹ́ ṣe. Àwọn ọ̀gá mọ̀ sí i, wọn kò sì dá a dúró.

Kí ẹnikẹ́ni tó bú àṣà yẹn, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń gbé e ró. Rédà ń fi orúkọ bàálù kọ̀ọ̀kan hàn lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ìkìlọ̀ tí wọ́n ń pè ní STCA ń ṣírò ọ̀nà tí bàálù ń tọ̀, bí ó bá sì rí i pé méjì fẹ́ sún mọ́ ara wọn ju bó ṣe yẹ lọ, ìkìlọ̀ á tàn lójú ẹ̀rọ adarí, ìró kan á sì dún. Fóònù tààrà tún wà láàárín Zurich àti àwọn ibùdó aládùúgbò: adarí á tẹ bọ́tìnì kan, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á gbé e. Nítorí náà, ẹni tó dá jókòó lóru kò fi bẹ́ẹ̀ dá wà. Ẹ̀rọ ń bá a ṣọ́ ojú ọ̀run, àwọn aládùúgbò náà sì lè ké sí i bí wọ́n bá rí ohun tí òun kò rí.

Irú ìfarati báyìí kì í sábà wà nínú ìwé kankan. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń tọ́jú fóònù kò mọ̀ pé fóònù òun wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹnì kan lè lọ sùn. Adarí tó lọ sùn náà kò rò ó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ, ọdún ń yí, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà

Ìdí tó dáa ló wà fún iṣẹ́ náà. Wọ́n fẹ́ tún ẹkùn òfúrufú òkè pín, ètò kọ̀ǹpútà rédà sì gbọ́dọ̀ yí padà kó lè bá ìpín tuntun mu. Òru ni wọ́n fi iṣẹ́ náà sí nítorí pé bàálù kì í pọ̀ lóru. Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì rò pé ó burú fúnra rẹ̀. Ohun tí a kì í fẹ́ fi kún un ni pé òru náà ni èèyàn máa ń kéré jù lọ nínú yàrá, ìgbà yẹn náà sì ni ara máa ń wúwo jù. Bàálù dínkù, ọwọ́ tó wà láti gba nǹkan mú náà sì dínkù.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, rédà kò kú. Ó wà lábẹ́ ètò ìdúródìgbà kan tó lè ṣe díẹ̀ nínú ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò lè fúnra rẹ̀ so àmì orí rédà pọ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà bàálù mọ́. Ìkìlọ̀ STCA kò ní tàn lójú ẹ̀rọ mọ́, ìró rẹ̀ nìkan ló kù. Nítorí pé rédà ti rẹ̀yìn báyìí, àlàfo tó gbọ́dọ̀ wà láàárín bàálù méjì tó wà ní gíga kan náà kúrò ní nautical mile 5, ó di 7.

Ìwé àṣẹ iṣẹ́ wà. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe àti ìgbà tí wọ́n fẹ́ ṣe é wà nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn aṣèwádìí rí ni pé ìwé náà kò ṣàlàyé ipa tí iṣẹ́ yìí máa ní lórí àwọn ẹ̀rọ tí adarí ń lò. Ibi àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ ti yí nìyí lójú tèmi, ó sì ṣẹlẹ̀ kí bàálù kankan tó gbéra. Àìlàdìí ọ̀rọ̀ ló pa Elénpe ìṣáájú. Ẹni tó kọ ìwé náà kò parọ́, kò sì fi nǹkan pamọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí láti yàrá ẹ̀rọ ló kọ, tí adarí sì ń kà á láti ìdí tábìlì. Bí onímọ̀ ẹ̀rọ bá kọ pé "a ó gbé kọ̀ǹpútà rédà sí ètò ìdúródìgbà," òun mọ nǹkan mẹ́wàá tó wà lábẹ́ gbólóhùn yẹn. Adarí tó ní bàálù lọ́wọ́ kò ní àyè láti tú u. Ohun tó nílò ni gbólóhùn bíi: "Láti aago báyìí, bí bàálù méjì bá ń bọ̀ wá kọlu ara wọn, ojú ẹ̀rọ rẹ kò ní sọ fún ọ."

Ẹni tó fẹ́ ṣí páànù ilé tí èèyàn ń gbé kì í jókòó máa ka iye ìṣó tí òun fẹ́ yọ fún onílé. Ibi tí òjò yóò ti wọlé ló ń fi hàn án.

Yàtọ̀ sí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n fi èèyàn kún àwọn tó wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ àwọn alábòójútó wà lára wọn, kó lè máa ṣe agbẹnusọ láàárín àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe àti àwọn tó ń darí bàálù. Èrò tó dáa gan-an ni, ohun tí èmi náà ì bá dámọ̀ràn ni. Ṣùgbọ́n wọn kò là á yé adarí dáadáa pé ẹni yìí wà níbẹ̀ fún un, pé ó lè sọ fún un pé "bá mi wá ẹnì kejì mi" tàbí "ní kí wọ́n dúró díẹ̀." Èèyàn wà nínú yàrá, ìrànlọ́wọ́ kò sí. Mo ti rí i nínú ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ pé bí èèyàn bá ṣe pọ̀ sí i nínú yàrá tí iṣẹ́ wọn kò yé ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni kálukú máa ń rò pé ẹlòmíràn ń bójú tó nǹkan.

Aago 23:23

Adarí kejì ti lọ sinmi nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fóònù, tó jẹ́ iṣẹ́ kejì lálẹ́ ọjọ́ náà. Adarí kan àti olùrànlọ́wọ́ kan tí kò ní àṣẹ láti darí bàálù ló kù nídìí iṣẹ́. Ní nǹkan bí aago 23:23, wọ́n pa fóònù tààrà tó lọ sọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò.

Fóònù àrọ́pò wà fún irú àkókò bẹ́ẹ̀. Fóònù àrọ́pò yìí ti ní àbùkù, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Nígbà tí wọ́n pa ti tẹ́lẹ̀, kò wá sí nǹkan tó kù.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, torí pé mo rò pé òun ló yẹ kí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe máa ronú lé jù lọ. Lórí ìwé, pípa fóònù kò léwu, nítorí àrọ́pò wà. Lórí ìwé náà, rédà tó rẹ̀yìn kò léwu, nítorí wọ́n ti fẹ àlàfo, ìró ìkìlọ̀ sì wà. Adarí tó dá wà kò léwu, nítorí ọkọ̀ kò pọ̀. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan tọ̀nà bí a bá bi í lọ́tọ̀. Ẹni tó ń dá a lóhùn fún rédà kò bi ti fóònù, ẹni tó ń dá a lóhùn fún fóònù kò bi iye èèyàn tó jókòó. Adarí nìkan ni gbogbo àdínkù náà jọ bọ́ lé lórí, òun náà sì ni ìwé àṣẹ kò là á yé.

Ìṣẹ́jú méjìlá

Boeing ti bá Zurich sọ̀rọ̀ ní nǹkan bí aago 23:20, ó sì tọrọ àyè láti gòkè. Ó dé 36,000 ẹsẹ̀ bàtà ní kété kí aago tó lu 23:30, ó ń lọ sí àríwá. Kò tíì ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ tí Tupolev náà fi wọlé sórí rédíò Zurich, ó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn ní 36,000 ẹsẹ̀ bàtà kan náà. Ọ̀nà méjèèjì máa gba orí ara wọn kọjá. Fún adarí tí ojú rẹ̀ wà níbẹ̀, ìṣòro tí kò le rárá ni: sọ fún ọ̀kan kó sọ̀kalẹ̀ ní 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, ọ̀rọ̀ parí. Àkókò sì wà.

Ibòmíràn ni ojú rẹ̀ wà. Airbus A320 kan tó ti pẹ́ dé ń bọ̀ wá balẹ̀ ní Friedrichshafen, ìlú kan lẹ́bàá adágún náà, tábìlì mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń darí ìyẹn, lórí ìkànnì rédíò mìíràn. Adarí kan wá ń rìn láàárín tábìlì méjì, ó ń gbọ́ ìkànnì méjì. Bí bàálù kan bá ń sọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún, ó lè má gbọ́ èyí tó ń sọ̀rọ̀ lósì.

Ohun tó yẹ kó gbà á lálàáfíà ni kó pe Friedrichshafen kí ó fa Airbus náà lé wọn lọ́wọ́. Ó pè, kò lọ. Ó tún pè. Ó gbìyànjú àrọ́pò, ìyẹn náà kò lọ. Ìpè tí kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ ló wá ń jẹ ìṣẹ́jú rẹ̀. Ibí ni mo rò pé ọ̀rọ̀ yí pátápátá, ó sì yẹ kí onímọ̀ ẹ̀rọ rí bí ó ṣe yí: fóònù tó kú kò pa ẹnikẹ́ni, ojú adarí ló gbà kúrò níbi tó yẹ kó wà. A máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ewu pé "bí fóònù bá kú, ìfàlélọ́wọ́ á pẹ́." A kì í kọ ọ́ pé ẹni tí fóònù kú mọ́ lọ́wọ́ á máa tẹ bọ́tìnì náà léraléra, pé kò ní ṣíwọ́, pé gbogbo ìgbà tó bá fi ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí rédà kejì.

Níbi tí ó jìnnà díẹ̀, ní Karlsruhe ní Jámánì, adarí mìíràn rí i. STCA tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì kìlọ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì kí bàálù méjèèjì tó pàdé. Ìṣẹ́jú méjì pọ̀ tó. Bàálù wọ̀nyẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sí lórí rédíò rẹ̀, nítorí náà ó ṣe ohun tó yẹ: ó pe Zurich lórí fóònù tààrà. Kò wọlé. Ó tún pè, ó tún pè. Ohùn kan náà tó ń dá adarí Zurich lóhùn ló ń dá òun náà lóhùn láti òdìkejì.

Ní aago 23:34:37, fóònù padà. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó kù.

Ìṣẹ́jú àáyá 12 lẹ́yìn ìyẹn, ní 23:34:49, adarí Zurich fúnra rẹ̀ rí bàálù méjèèjì, ó sì sọ fún Tupolev pé kó tètè sọ̀kalẹ̀ sí 35,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá 43. Àwọn awakọ̀ Tupolev bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 7 lẹ́yìn àṣẹ yẹn, ẹ̀rọ TCAS tó wà nínú bàálù méjèèjì, tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ kí bàálù má baà kọlu ara wọn, bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì pàṣẹ: kí Boeing sọ̀kalẹ̀, kí Tupolev gòkè. Boeing ṣe ohun tí ẹ̀rọ sọ. Tupolev tẹ̀ lé adarí, pàápàá nígbà tó tún àṣẹ rẹ̀ sọ. Àwọn méjèèjì wá jọ ń sọ̀kalẹ̀. Ní 23:35:00, ìró STCA tó kù dún ní Zurich, ní tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò jókòó tì. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ní 23:35:32, wọ́n kọlu ara wọn.

Adarí náà kò mọ̀ pé TCAS ti sọ̀rọ̀. Nígbà tí Boeing fi máa ráyè sọ ọ́ lórí rédíò, ìṣẹ́jú àáyá tó kù kò tó 15, òun sì ti yí padà sọ́dọ̀ Airbus, torí pé lójú tirẹ̀, ó ti yanjú ti Tupolev.

Ohun tí ìwádìí àti ilé ẹjọ́ sọ

Ilé iṣẹ́ ìjọba Jámánì tó ń wádìí ìjàǹbá bàálù gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2004. Lára ohun tó fà á ní tààrà, wọ́n ní ìdarí kò rí ewu náà lásìkò, àti pé Tupolev ń sọ̀kalẹ̀ lọ lẹ́yìn tí TCAS ti ní kó gòkè. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tọ́ka sí òfin TCAS kárí ayé tí kò pé, tó tún ń ta ko ara rẹ̀ níbi kan, wọ́n sì tọ́ka sí àwọn ọ̀gá ibùdó ìdarí tí wọn kò rí i dájú pé èèyàn wà ní gbogbo tábìlì lóru.

Ti TCAS ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2001, bàálù méjì tó kó èèyàn 677 yè é tín-ín-rín ní Japan, nítorí ọ̀kan tẹ̀ lé adarí, èkejì tẹ̀ lé ẹ̀rọ. Ọdún 2003 ni ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bàálù, tó tún òfin náà kọ, pé bí TCAS bá ti pàṣẹ, òun ni kí awakọ̀ tẹ̀ lé, ohun yòówù kí adarí sọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló di gbogbo rẹ̀ ru adarí tó wà níbẹ̀. Ní ọdún 2004, ẹnì kan tó pàdánù ìdílé rẹ̀ nínú ìjàǹbá náà lọ pa á. Ilé ẹjọ́ Swítsáláǹdì kò wò ó bẹ́ẹ̀: ní ọdún 2007, ó dá àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin ibùdó náà lẹ́bi ikú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn nítorí àìbìkítà, ó sì dá mẹ́rin mìíràn sílẹ̀. Alábòójútó ni mẹ́ta nínú àwọn tó jẹ̀bi, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá dúró ni wọ́n fún wọn. Ìtanràn ni ti ẹnì kẹrin.

Ohun tí èyí ní fún àwa tó wà nídìí iṣẹ́

Ìwé àṣẹ iṣẹ́ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí adarí yóò pàdánù ni kó wà lókè ìwé náà, ní èdè tábìlì rẹ̀: ohun tí kò ní rí, ohun tí kò ní gbọ́, ẹni tí kò ní lè pè, àti láti aago wo sí aago wo. Orúkọ ètò kọ̀ǹpútà àti nọ́ńbà iṣẹ́ lè wà nísàlẹ̀. Bí onímọ̀ ẹ̀rọ kò bá lè kọ apá òkè yẹn fúnra rẹ̀, kó lọ jókòó ti adarí kan kí wọ́n jọ kọ ọ́. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì ti rí i pé wákàtí kan tí wọ́n bá jọ jókòó báyìí máa ń tú ọ̀pọ̀ nǹkan jáde tí ẹnikẹ́ni kò rò.

Ìwé nìkan kò tó. Ìwé tó wà nínú fáìlì, ta ló kà á? Àwọn adarí ní àṣà kan tí àwa tó ń tún ẹ̀rọ ṣe kò yá lò. Bí adarí bá sọ fún awakọ̀ pé kó gòkè sí gíga kan, kì í gbà kí awakọ̀ náà wí pé "mo gbọ́" lásán. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ tún òǹkà náà sọ, adarí á sì tẹ́tí bóyá ó tọ̀nà. Kí ló dé tí ẹ̀rọ tí ẹ̀mí èèyàn wà lórí rẹ̀ fi yàtọ̀? Kí ẹ tó pa nǹkan kan, ẹ lọ bá ẹni tó jókòó, ẹ sọ fún un, kí ó tún un sọ fún yín: "Láti ìsinsìnyí, ìkìlọ̀ kò ní tàn, fóònù Karlsruhe kò sí, màá lo àrọ́pò." Bí kò bá lè tún un sọ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ dí, ìdáhùn ti wà níbẹ̀: àkókò iṣẹ́ yín kò tíì tó.

Ti àpapọ̀ àdínkù nìyí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kò hàn pé ẹnì kan wà tó ń ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Doc 4444, ìwé ìlànà ICAO lórí ìdarí bàálù, sọ pé kí a yẹ ewu wò kí a tó ṣe àyípadà ńlá sí iṣẹ́ ìdarí, títí kan ẹ̀rọ tuntun. Àwọn ibùdó máa ń ṣe é fún iṣẹ́ ńlá, wọn kì í ṣe é fún iṣẹ́ méjì kékeré tó bọ́ sí òru kan náà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹnì kan ṣoṣo tó ní orúkọ, tó wà nínú ilé lóru yẹn, ní ìwé kan níwájú tí gbogbo ohun tí kò sí wà lórí rẹ̀, kó sì ní àṣẹ láti sọ pé ọ̀kan ní láti padà kí èkejì tó lọ. Nígbà tí ohunkóhun bá sì wà lórí ìwé yẹn, kò sí ẹni tó ń lọ sinmi. Àyè ìsinmi òru tí àwọn ẹ̀rọ ń gbé ró ti dópin nígbà tí ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ti ń ṣe é fún ogún ọdún.

Àwọn kan máa ń sọ pé èyí á mú kí iṣẹ́ pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, á pẹ́. Bí ẹ bá ní òru mẹ́ta fún ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ní òru kan, òru mẹ́ta ni.

Fún agbẹnusọ tí wọ́n fi sínú yàrá, ohun kan ló kù: kí adarí mọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tí ó lè ní kó ṣe. Kó lọ bá a fúnra rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó ní, "Ìwọ ni mo wà níbí fún. Bí o bá ní dúró, màá dá wọn dúró." Adarí tó wà nínú wàhálà kì í wá ìrànlọ́wọ́ tí kò mọ̀ pé ó wà.

Lórí àrọ́pò, mo le koko díẹ̀. Àrọ́pò tí a kò dán wò lálẹ́ ọjọ́ náà, kí a máa kà á sí ohun tí kò sí. Kí a dán an wò láti orí tábìlì tí wọ́n ti máa lò ó, pẹ̀lú ọwọ́ ẹni tó máa lò ó, kì í ṣe láti yàrá ẹ̀rọ níbi tí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ń tàn pé gbogbo nǹkan dáa. Kí àwọn aládùúgbò náà sì gbọ́ kí fóònù tó kú: aago tí yóò kú, aago tí yóò padà, nọ́ńbà mìíràn tí wọ́n lè pè, àti ẹni tó máa gbé e. Bí adarí Karlsruhe bá ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó ń dún lórí tábìlì tó tọ́, ìṣẹ́jú méjì tó ní lọ́wọ́ ì bá tó lò.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹni tó tún fóònù ṣe ni kó jókòó sórí tábìlì adarí, kó pe ibùdó aládùúgbò kọ̀ọ̀kan, kó gbọ́ ohùn èèyàn ní òdìkejì, kó sọ fún wọn pé fóònù ti padà, kó yíjú sí adarí kó sọ ọ́ fún òun náà, kó tó kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ ti parí.